Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ rìn nínú igbó nílẹ̀ Faransé, àwọn àṣìṣe tẹ́ ò gbọ́dọ̀ ṣe rèé

Ẹni tí ò ní mọ́tò náà lè rìn nínú igbó Faransé dáadáa, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé àfi tẹ́ ẹ bá háyà mọ́tò. Ẹ wo Huelgoat ní Bretagne, tí mo fẹ́ràn gan-an, bọ́ọ̀sì tó ń rìn láàárín Morlaix àti Carhaix máa ń dúró láàárín ìlú níbẹ̀, ẹ rìn díẹ̀ báyìí ẹ ti wà láàárín àwọn òkúta ràgàjì tó wà létí omi, títí kan Roche Tremblante tó wúwo ju 100 tọ́ọ̀nù lọ, tí ẹnì kan ṣoṣo sì lè mì tó bá mọ ibi tó máa fẹ̀yìn tì. Grenoble náà, bọ́ọ̀sì ń gòkè láti ibẹ̀ lọ sí Lans-en-Vercors àti Villard-de-Lans, igbó ló wà yí wọn ká. Nǹkan tó ń ba ọjọ́ jẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, igbó kọ́ o, bọ́ọ̀sì tí wọ́n máa bá padà ni.

Àṣìṣe tó burú jù ni pé èèyàn á wo bọ́ọ̀sì àlọ, á rí i pé ti aago mẹ́sàn-án wà, ó ti tán, ó gbé báàgì. Rárá o. Ti àbọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ mọ èyí tó kẹ́yìn àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ó ti mọ́ yín lára pé tí ọ̀kan bá lọ òmíì ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ò bá sí danfo ọ̀kadà á wà, àmọ́ lábúlé Faransé bọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà lójúmọ́, tí èyí tó kẹ́yìn bá ti lọ ó lọ nìyẹn.

Ìdí ni pé torí àwọn ọmọ iléèwé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì yẹn ṣe ń jáde. Láàárọ̀ ó ń kó wọn láti abúlé wá sílùú, nírọ̀lẹ́ ó ń kó wọn padà sábúlé. Òdìkejì ohun tẹ́ni tó ń lọ sígbó ń wá gan-an nìyẹn, torí ìlú lẹ sùn sí, abúlé lẹ sì ń lọ. Nǹkan tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn ni pé tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ síbi tó jìnnà láàárọ̀, kí wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó bọ̀ wá síbi tí rélùwéè wà tàbí ibi tí wọ́n sùn sí, ìgbà yẹn kò sí bọ́ọ̀sì kankan tó máa já wọn kulẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sun abúlé yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìwé àkókò bọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ tún lọ́gbọ́n nínú. Ẹ má kàn wo aago, ẹ ka àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lókè ẹ̀: L, Ma, Me, J, V, S, láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Me yẹn, tó jẹ́ Ọjọ́rú, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù, torí ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé máa ń ṣíwọ́ lọ́sàn-án lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ rò pé ó máa lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lè ti lọ láti bí aago méjìlá ààbọ̀. Tí wọ́n bá kọ période scolaire sí i, ìgbà tíléèwé bá wọlé nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Vacances scolaires ni ìgbà họlidé, họlidé yẹn náà ò sì bára mu káàkiri, wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí zone A, B àti C, ti oṣù kejì àti ti ìgbà Àjíǹde kì í bọ́ sọ́jọ́ kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí náà ẹ wo zone ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ti ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Ní Sọ́ńdè àti jours fériés, ìyẹn ọjọ́ ìsinmi gbogbogbò, bọ́ọ̀sì lè má sí rárá. Ọjọ́bọ̀ Ìgòkè Re Ọ̀run wà lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ àlejò kì í rántí. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi sílé tàbí kẹ́ ẹ rìn níbi tẹ́ ẹ wà, ọ̀pọ̀ ibi ni bọ́ọ̀sì kankan ò ti ní jáde lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní transport à la demande, wọ́n máa ń kọ TAD, ó lè wà nínú ìwé àkókò bíi bọ́ọ̀sì gidi pẹ̀lú aago àti orúkọ ibùdó, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá pè láti bu àyè sílẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ kó ku ọjọ́ kan, kò ní wá. Ẹ lè dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bẹ́ ẹ bá rí àmì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kan, ẹ pè, ẹ sì pe ti àbọ̀ náà papọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé Google Maps nìkan, kò dájú pé ó máa gbé irú èyí jáde. Láti 2017 àwọn région, ìyẹn ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ló ń bójú tó bọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ìlú sí ìlú, kálukú sì ní orúkọ tiẹ̀, BreizhGo ní Bretagne, liO ní Occitanie, Fluo ní Grand Est, Mobigo ní Bourgogne-Franche-Comté, ZOU níhà Provence, orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní bọ́sítọ́ọ̀pù, ẹ má jókòó sínú ibòji kẹ́ ẹ máa tẹ fóònù. Ẹ dìde, ẹ na ọwọ́ sí dírẹ́bà, torí tí ò bá rí ẹni tó na ọwọ́ ó máa kọjá lọ ni. Ẹ̀yin ará London, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbí, ẹ ronú ẹ̀ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó mọ ẹ̀gbẹ́ títì tẹ́ ẹ máa dúró sí, pàápàá torí pé nígbà míì òpó bọ́sítọ́ọ̀pù ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wà. Ẹ tún mú owó ẹyọ dání, ẹ má na 50 euro sí dírẹ́bà.

Ó ku inú igbó. Àmì tí wọ́n kùn sára igi àti òkúta ló ń júwe ọ̀nà: funfun lórí pupa ni GR, àwọn ọ̀nà tó gùn, yẹ́lò lórí pupa ni GR de Pays, yẹ́lò nìkan ni PR, ìrìn ọjọ́ kan tàbí wákàtí díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àmì yìí tí wọ́n fi ṣe X, ibẹ̀ kọ́ nìyẹn, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti rí àmì tó kẹ́yìn. Ẹ má sọ pé ẹ máa já síbì kan náà, ibẹ̀ ni wákàtí kan ti ń lọ tí bọ́ọ̀sì sì ń lọ. Àmọ́ àwọn tó ń lọ sí Vosges, àwọn òkè tó wà níhà ìlà oòrùn Faransé, ẹ gbọ́ o, ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá! Club Vosgien, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ti wà níbẹ̀ láti 1872, wọ́n sì ní àmì tiwọn, onígun mẹ́rin gbọọrọ, róbótó, onígun mẹ́ta, àti àgbélébùú pẹ̀lú, ní pupa, búlúù, yẹ́lò tàbí gíríìnì. Àgbélébùú tàbí X aláwọ̀ kan níbẹ̀ jẹ́ ọ̀nà téèyàn ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá mú òfin ibòmíì lọ síbẹ̀ á máa sá fún ọ̀nà tó yẹ kó gbà.

Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án dé ìparí oṣù kejì, àwọn ọdẹ wà nínú igbó, ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti àgbọ̀nrín ni wọ́n ń lé. Tẹ́ ẹ bá rí pátákó tí wọ́n kọ chasse en cours tàbí battue en cours sí, ìbọn ń dún lọ́wọ́ níbẹ̀ nìyẹn, ẹ má kọjá ẹ̀ torí pé bọ́ọ̀sì yín wà lódìkejì. Ẹ wọ aṣọ tó tàn yòò, àwọ̀ ọsàn ló dáa jù, dúdú àti àwọ̀ ewé ò dáa rárá. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin igbó Faransé ló sì jẹ́ ti aládàáni, Paimpont tí wọ́n ń pè ní Brocéliande wà lára ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí ni kẹ́ ẹ máa gbà. Láti oṣù kejì 2023 òfin ti wà pé ẹni tó bá wọ igbó aládàáni tí wọ́n kọ̀wé sí gbangba pé kí wọ́n má wọ̀ máa sanwó ìtanràn, 135 euro ló sábà máa ń jẹ́.

Níhà gúúsù, ní Bouches-du-Rhône àti Var, ìjọba máa ń ti igbó pa lọ́jọ́ tí atẹ́gùn àti ooru bá pọ̀ nígbà ooru torí iná. Bọ́ọ̀sì á ṣì máa lọ o, dírẹ́bà ò ní sọ nǹkan kan fún yín, ẹ ó kàn débẹ̀ ẹ ó bá ọ̀nà ní títì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń gbé mápù ọjọ́ kejì jáde lórí ìkànnì préfecture, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àgbègbè yẹn. Sìgá àti iná, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Eégbọn pọ̀ nínú koríko gíga, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ yẹ ara yín wò tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má da òróró sí i, ilé oògùn ń ta nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń yọ ọ́, tire-tique. Tí òrùka pupa bá yọ níbi tó ti bù yín jẹ láàárín oṣù kan, ẹ lọ rí dókítà, ó lè jẹ́ àrùn Lyme. Oúnjẹ, ẹ mú u láti ìlú: ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń tì lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Omi tí wọ́n bá kọ eau non potable sí, ẹ má mu ún.

Ẹ ṣírò ìrìn yín dáadáa. Kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 300 mítà tẹ́ ẹ bá gùn sókè, kẹ́ ẹ tún wá fi wákàtí kan sílẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ní oṣù kejìlá oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún. Ẹ gbé mápù IGN, àjọ ìjọba tó ń ya mápù ilẹ̀ Faransé, wá sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ pátápátá ní àfonífojì.

Tí bọ́ọ̀sì bá wá já yín sílẹ̀, ẹ má rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú òkùnkùn, àwọn ọ̀nà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, kò síbi tẹ́ ẹ máa yà sí. Ẹni tó bá fara pa tàbí tó sọ nù ló ń pe 112, kì í ṣe ẹni tó pàdánù bọ́ọ̀sì. Takisí abúlé kì í dúró sójú títì, pípè ni wọ́n ń pè é, ó sì lè ti ní iṣẹ́ míì lọ́wọ́. Torí náà láti ilé ni kẹ́ ẹ ti wá nọ́ńbà takisí kan tàbí méjì àti ti gîte kan, ìyẹn ilé tí wọ́n ń gba àlejò sí, lábúlé yẹn, kẹ́ ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kẹ́ ẹ fi sínú báàgì, kì í ṣe inú fóònù nìkan.