Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ogun orí omi rẹ̀

Ẹ má ṣe kọ ọ́ mọ́ pé etí òkun ni Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin) wà. Torí pé olú-ìlú ni, ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ń mú àlejò rìn káàkiri ìlú wa, gbà pé òkun ló kàn wá. Ọ̀sà ni. Gúúsù, lápá Sẹ̀mẹ̀, ni òkun wà, ilẹ̀ oníyanrìn ló sì là á láàárín. Ọ̀sà náà so mọ́ adágún Nokoué níwọ̀ oòrùn. Lápá ìlà oòrùn, ó gba Àgbádárìgì dé Èkó.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ń dùn mí jù ti ń wá. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1861, wọ́n á ní orí òkun ló dúró sí. Rárá o. Etí òkun wa kò ní èbúté àdánidá: ìgbì ń fọ́ lé yanrìn lórí, ọkọ̀ ńlá á dúró lókèèrè, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń kó ẹrù àtèrò la ìgbì wá sílẹ̀. Ọ̀nà ọ̀sà láti Èkó ni Gẹ̀ẹ́sì gbà, pẹ̀lú Brune, ọkọ̀ onírin tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wa omi, tó lè rìn níbi tí omi ò ti jìn. Ẹ wo àwọn apẹja wa bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀, tí ọ̀pá ń kan ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ibo ni ọkọ̀ ńlá máa gbà?

Ẹ má sì sọ pé òwò ẹrú nìkan ló fa ìjà náà. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé Sodji, ọba Àjàṣẹ́ nígbà náà, kò fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ òwò epo pupa orí ọ̀sà náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Sodji wá ààbò sọ́dọ̀ Faransé, ó sì rí i ní 1863. Ààbò yẹn kò pẹ́ tó fi tú. Ìgbà Ọba Toffa, ní 1882, ló tó padà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé láti 1863 ni Faransé ti jókòó síbẹ̀ láì kúrò, ó ṣì í.

Apá òkun tí òyìnbó ń pè ní Bight of Benin, láti Cape St. Paul ní Gánà dé ẹnu Odò Ọya, ìjọba Bìní ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa Benin. Orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey títí di 1975.

Ẹ má fi èbúté Kùtọnu sínú ìtàn ogun wọ̀nyí pẹ̀lú. 1965 ni wọ́n ṣí i. Nígbà ogun 1892, inú Odò Wẹ̀mẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Faransé, Topaze lára wọn, gbà gòkè lọ dojú kọ àwọn ọmọ ogun ìjọba Dahomey àtijọ́.