Bí A Ṣe Ń Kó Ẹbí Lọ Gbafẹ́ ní Àgbádárìgì Láì Náwó Gọbọi

Àgbádárìgì ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí òkun, tí kò sì ní owó etí òkun Lẹ́kí lọ́wọ́. Ọ̀sà wà níbẹ̀, òkun wà níbẹ̀, ìtàn sì kún ilẹ̀. Owó ọkọ̀ ló ń jẹ owó jù. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ òbí tó kó ọmọ débẹ̀, ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n: ibi omi.

Ẹ jí ní ìdájí. Bí ẹ bá ń ti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ̀, ẹ wọ reluwé Blue Line tí wọ́n ṣí ní 2023, yóò gbé yín láti Marina dé Mile 2 láìsí gò-sílóò. Kí owó ti wà lórí káàdì Cowry, èyí tí a fi ń san owó reluwé náà, láti alẹ́. Ní Mile 2, ẹ wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì.

Oúnjẹ, láti ilé ni. Mọ́ínmọ́ín eléwé àti ẹ̀kọ ni kí ẹ dì. Wọn ò nílò abọ́, wọn ò nílò ṣíbí, iyanrìn kì í sì í wọ̀ wọ́n bó ṣe ń wọ ìrẹsì. Ẹ fi omi inú ike sínú fíríìsà mọ́jú, òun ni yìnyín yín, òun náà ni omi mímu. Ẹ má ra ìpápánu dání. Àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì, ẹ ra á níbẹ̀, ẹ mu omi rẹ̀, ẹ jẹ inú rẹ̀. Aṣọ pupa tàbí aṣọ olómi ọsàn ni kí ọmọ wọ̀. Aṣọ búlúù kì í hàn nínú omi.

Òkun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ fi àwọn ilé ìtàn sí ọ̀sán. Atẹ́gùn máa ń le sí i lẹ́yìn ọ̀sán, ọ̀sà á sì máa ru. Létí ọ̀sà, ní Marina ti Àgbádárìgì, ẹ dúnàádúrà àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé yín lọ sí Gberefu, ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, kí ẹ san ìdajì, kí ẹ di ìdajì mọ́wọ́ títí yóò fi gbé yín padà.

Life jacket, ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó, ni gbogbo ènìyàn ń fojú di. Wọn á kó ti àgbàlagbà sí ọmọ ọdún márùn-ún lọ́rùn, ìyá rẹ̀ á ní ó ti tó. Kò tó. Ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ wá di èjìká rẹ̀ mú, kí ẹ fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí ọmọ, yóò bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀: bí ó bá ti rún bíi bisikíìtì, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá lè ra ti ọmọ yín fúnra yín, ẹ rà á kí ẹ tó ra bàtà etí òkun. Ọkọ̀ tí èrò ti kún dẹ́nu, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ní òdìkejì, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn, ọ̀nà tí wọ́n da àwọn ẹrú gbà, títí dé Point of No Return, ibi tí wọ́n ti ń kó wọn sọdá òkun. Òkun ló wà níwájú ibẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Kò sí ohun tó ń dá ìgbì dúró níbẹ̀. Tarkwa Bay, etí òkun kan ní Èkó, ní ògiri òkúta ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó tó ń gba ìgbì fún un, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi rọ̀. Ti Gberefu kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi ti mu ọmọ dé orúnkún, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i, ó lè bò ó lórí. Bí ìgbì bá fọ́ tán, omi tó ń padà á máa wọ́ iyanrìn kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni, àgbàlagbà pàápàá á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ibi tí omi ti dákẹ́ ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ ó rí i láàárín ìgbì funfun méjì, ó dúdú díẹ̀, kò hó. Ibẹ̀ ni àwọn òbí máa ń ní kí ọmọ ti wẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni omi tí ìgbì kó wá ń gbà padà sí agbami. Bí ó bá fa ènìyàn, kí ó má bá a jìjàkadì. Kí ó léfòó, kí ó ké, kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ títí omi yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ wọlé lọ́wọ́ òfo. Kéègì òróró tó ṣófo, tí ẹ dé pinpin, tí ẹ so okùn gígùn mọ́, ni kí ẹ jù sí i. Mi ò kì í lọ sétí òkun láìmú un dání.

Nítorí náà, ọrùn ẹsẹ̀ ni òkun mọ fún ọmọ. Fún àwọn kéékèèké, ẹ gbẹ́ kòtò sórí iyanrìn níbi tí ìgbì kì í dé, ẹ fi korobá pọnmi kún un. Wọn ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ dí i kí ẹ tó lọ. Kí àgbàlagbà kan dé fìlà pupa: ẹni tó bá dé e kì í tẹ fóònù, kì í jẹun, ọmọ nìkan ló ń wò. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó gbé e fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá padà sí ìlú, òòrùn á ti mú, ẹ wọ abẹ́ òrùlé. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ ní 1842 tí wọ́n parí ní 1845, wà ní Marina níbẹ̀. Ọgbà Ṣẹ̀ríkí Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, náà kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́ yàrá tóóró. Owó ìwọlé kéré, ẹ kàn béèrè iye rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì fún afinimọ̀nà ní nǹkan. Ní ilé Mobee, tí ó jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú, ẹ ó rí ẹ̀wọ̀n àti ohun tí wọ́n fi ń ti ẹrú lẹ́nu. Èmi kì í mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ wọ ibẹ̀, ẹnìkan á bá a dúró síta jẹ àgbọn. Ibi igi Àgíà, níbi tí wọ́n ti wàásù Kírísítì ní 1842, ọ̀fẹ́ ni. Òkúta ìrántí ló kù síbẹ̀, igi náà ti wó.

Ní agogo mẹ́ta, kí ẹ ti wà nínú ọkọ̀ Mile 2.