Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀rọ Mọ Ìgbà Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ Oko

Nínú gbogbo omi tí kò níyọ̀ tí ọmọ aráyé ń fà láti inú odò, adágún àti kànga, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ sí oko. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, ojú ni àgbẹ̀ fi ń wo ilẹ̀ kó tó bomi rin ín. Bí òkè bá ti funfun, a ó tan ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n òkè ilẹ̀ kì í sọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ tó ti sán wá, mo sì bá ẹrẹ̀ níbi tí gbòǹgbò wà. Ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ máa ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì wọ́n. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí mo rí tó rà á ló jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Bí wọ́n ṣe rì í mọ́lẹ̀ ni kò dára.

Ohun tí ẹ ó rà. Irú méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ní irin méjì bíi fọ́ọ̀kì. Ẹ má rà á: iná ń gba ara irin rẹ̀ tó wà ní ìhòòhò kọjá nínú ilẹ̀ tútù, ìpẹtà yóò sì jẹ ẹ́ tán. Èkejì rí pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ, irin rẹ̀ kò fojú kan ilẹ̀. Capacitive ni kí ẹ bèèrè. Òkè rẹ̀ níbi tí wáyà ti wọlé kò fẹ́ omi rárá. Ọ̀dà èékánná ni mo fi ń kun ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìkíní gbẹ kí èkejì tó wọlé. Ẹ kun etí pátákó náà yí ká pẹ̀lú, torí etí yẹn gan-an ni omi ń gbà wọlé.

Mo ń so ó mọ́ ESP32, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, tó ń lo bátìrì àti sólà kékeré. Ẹ fi wáyà tó ń gbé nọ́ńbà wá sí ọ̀kan nínú pin (ẹsẹ̀ irin pátákó náà) 32 títí dé 39. Àwọn pin tí wọ́n ń pè ní ADC2, ẹgbẹ́ kejì nínú àwọn tó lè ka irú nọ́ńbà yìí, kì í ka nǹkan kan mọ́ bí Wi-Fi bá ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sọ pátákó tó dára nù nítorí èyí. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá dé, pátákó tó gba káàdì SIM lè fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù kékeré bí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn nọ́ńbà, ó lè wá Chameleon, ẹ̀rọ ọ̀rinrin ilẹ̀ tí CSIRO, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti Ọsirélíà, ṣe. Àwọn àgbẹ̀ ti lò ó ní Zimbabwe, Tanzania àti Mozambique. Iná ló ń tàn: búlúù bí omi bá pọ̀, àwọ̀ ewé bí ó bá tó, pupa bí ilẹ̀ bá ti gbẹ.

Rírì í mọ́lẹ̀. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fi ọkọ́ gbẹ́ ihò, wọ́n á sọ ẹ̀rọ sí i, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀ yẹn di ọ̀nà omi. Bí òjò bá rọ̀, inú ihò yẹn ni omi kọ́kọ́ ń wọ́ sí, ẹ̀rọ á ní oko ti yó nígbà tí òùngbẹ ṣì ń gbẹ gbòǹgbò ní ìtòsí rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á súnkì, afẹ́fẹ́ á yí ẹ̀rọ ká, ó tún di pé oko gbẹ bí òkúta. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n nígbà náà.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo ń gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo fẹ́ wọ̀n, mo sì ń ti ẹ̀rọ náà wọ inú ògiri kòtò yẹn, sínú ilẹ̀ tí ọkọ́ kò tíì kàn. Ó ń dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó tín-ínrín ló ń kọjú sókè, kí omi má bàa jókòó lórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, mo ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ṣí ojú ọ̀nà. Ẹ má fi òòlù gbá a láé! Bí ẹ bá kan òkúta, ẹ lọ síbòmíràn. Bí àlàfo bá kù, ẹ po iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ tó kúnná mọ́ omi títí yóò fi ṣàn, kí ẹ dà á sí i.

Wáyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, kí omi tó bá tọ̀ ọ́ wá má dé orí ẹ̀rọ. Ẹ dá iyẹ̀pẹ̀ padà bí ó ṣe jáde, ti ìsàlẹ̀ sísàlẹ̀, ti òkè sókè, kí ẹ sì máa fi igi kì í mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú níbí yóò padà wá hú u.

Méjì ni mo ń rì, ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìjìnlẹ̀ gbòǹgbò, èkejì ní ìdá méjì. Bí gbòǹgbò bá dé 60 sẹ̀ǹtímítà, 20 àti 40 nìyẹn. Ẹ jìnnà sí etí oko, ojú ọ̀nà àti ibi tí omi ń dá sí. Bí páìpù tó ń kán omi ni ẹ ń lò, ẹ fi í sí nǹkan bí 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ibi tó ń kán.

Kí ẹ tó gbà á gbọ́. Nọ́ńbà tó ń mú wá kì í ṣe ìwọ̀n omi, ó sì ń lọ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń tutù sí i. Ẹ fi omi rin ibẹ̀ títí yóò fi yó, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ kà á lọ́jọ́ kejì bí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bí ó bá jẹ́ amọ̀. Èyí ni nọ́ńbà yíyó. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí igun kékeré yẹn gbẹ títí ewé rẹ̀ yóò fi rọ láàárọ̀. Rírọ ọ̀sán lè jẹ́ ti oòrùn lásán. Èyí ni nọ́ńbà òùngbẹ. Mo ń bomi rin nígbà tí a bá dé àárín méjèèjì. Ti ẹ̀fọ́, mi ò kì í jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà láti nọ́ńbà yíyó sí ti òùngbẹ lọ.

Kí oòrùn tó yọ ni mo ń kà á, torí ooru ń sún nọ́ńbà. Ajílẹ̀ oníyọ̀ náà ń sún un. Ti òkè ló ń sọ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí a ó dáwọ́ dúró: bí ti ìsàlẹ̀ bá ń tutù sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bomi rin, omi ti ń kọjá gbòǹgbò lọ nìyẹn.

Ẹ má so ẹ̀rọ omi mọ́ ọn kó máa tan ara rẹ̀ ní ọ̀gbìn àkọ́kọ́. Ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ fún un, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ òun àti ti ẹ̀rọ bára mu.

Ohun kan tún ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Omi tí ẹ̀rọ bá pa mọ́, àwọn kan ń fi ṣí oko tuntun, kànga á sì máa rẹlẹ̀ sí i. Ti ẹ̀rọ omi onísólà le jù, nítorí pé a kì í ra epo sí i, kò sí ohun tó ń rán ni létí láti pa á. Ẹ wá okùn, ẹ so nǹkan wíwúwo mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ fi àmì sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa sọ ọ́ sínú kànga lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, kí ẹ wo mítà tí ó ti kan omi. Inú ìwé kan náà tí mo ń kọ nọ́ńbà ilẹ̀ sí ni mo ń kọ ti okùn sí, nínú ìlà kan náà.