Ẹsẹ̀ iwájú ló ń ju àwo

Ọdún méjì gbáko ni mo fi fi agbára apá ju àwo. Disc ni wọ́n ń pè é níbí ní Amẹ́ríkà, àwo lèmi ń pè é: àwo ike pẹlẹbẹ tí à ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ irin nínú eré tí wọ́n ń pè ní disc golf. Sátidé tí mi ò bá ti sí níbi iṣẹ́, Hornets Nest Park ní Charlotte lẹ ti máa bá mi, tí mo ń làágùn, tí èjìká ń ro mí, tí àwo mi ò sì lè kọjá 220 ẹsẹ̀ bàtà. Bàbá kan wà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, apá rẹ̀ ò tó ìdajì tèmi. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni bàbá á rìn wá, á ju tirẹ̀, yóò sì kọjá tèmi lọ réré.

Ọjọ́ tí mo ń da omi ìfọṣọ nù lẹ́yìn ilé ló tó yé mi. Tí ẹ bá fẹ́ kí omi inú garawa dé ọ̀nà jíjìn, ẹ ò ní gbé garawa sáré tẹ̀lé omi. Ẹ ó fì í, ẹ ó sì dá a dúró lójijì. Garawa dúró, omi ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara wa: ẹsẹ̀ iwájú á dá ìbàdí dúró, èjìká á máa lọ, èjìká á dẹwọ́, ìgúnpá á nà, ìgúnpá á nà tán, ọwọ́ á já, àwo á fò. Ohun tí kò wúwo ju nǹkan bíi 175 gíráàmù lọ, kí la fẹ́ fi agbára apá ṣe fún un?

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jù, láti ẹ̀gbẹ́ òsì wá. Ẹni tó bá ń lo òsì, kó yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ má tíì sáré. Ẹ fi èjìká ọ̀tún kọjú sí apẹ̀rẹ̀ irin, kí ẹsẹ̀ yín fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí ìdáná. Ẹ na àwo sẹ́yìn, kí ìwúwo ara wà ní apá inú ẹsẹ̀ òsì. Tó bá ti yọ́ lọ sí apá ìta, ẹ ti pàdánù rẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, àwo á ṣì wà lẹ́yìn pátápátá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjú sí apẹ̀rẹ̀ tààrà. Ibi tí àyà yín kọjú sí ni kó kọjú sí, kó kàn yà díẹ̀ sí ọ̀nà apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gìgísẹ̀ á wá balẹ̀, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fi gìgísẹ̀ tẹ agolo mílíìkì pẹlẹbẹ. Gìgísẹ̀ balẹ̀ ná, kí apá tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Bó ṣe balẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ yẹn ti ilẹ̀ padà, bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn kí olè má ráyè wọlé. Orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀ á máa nà, ìbàdí ọ̀tún á fà sẹ́yìn. Kí orúnkún má kọjá orí ẹsẹ̀ lọ síwájú o! Tó bá kọjá, kò sí ohun tó dúró mọ́, garawa ti bá omi lọ. Àwo á gba iwájú àyà kọjá, kó súnmọ́ ara. Ọwọ́ òsì á ká mọ́ra.

Tí àwo bá ti kúrò lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ara yí lórí gìgísẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wo èyí. Bàtà bọ́ọ̀lù tó ní eyín lábẹ́ ni mo wọ̀ lọ́jọ́ kan lórí koríko tútù. Ẹsẹ̀ há mọ́lẹ̀, ara yí, orúnkún ò rí ibi yí sí. Mo gbọ́ ọ tó dún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tiro lọ sí ibi iṣẹ́. Bàtà tí abẹ́ rẹ̀ lè yí ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Nínú ilé, ẹ di férémù ilẹ̀kùn mú ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ iwájú ti ilẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìbàdí ló ń fà, apá kàn ń so kọ́ ni. Ní pápá, ẹ máa jù ú láìrìn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jù ú tán, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀: tẹ́ ẹ bá dúró láì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìwúwo dé iwájú. Tẹ́ ẹ bá ṣubú sẹ́yìn, kò dé. Ìdúró lásán yìí ló gbé mi dé 260. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta kún un: ọ̀tún, òsì á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ọ̀tún. Mo ti ń dé 310 báyìí.

Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ká fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dá a dúró níbi tí gìgísẹ̀ ti kan ilẹ̀, kí ẹ wo ibi tí àwo wà. Tó bá ti dé àyà, apá ti yá jù. Ẹ dín ìrìn kù, kí ẹ tún un jù.