Òfin ilé tí a fi ń jẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn mọ iṣẹ́ sí i

Tí ẹ bá ń darí eré orí tábìlì, irú èyí tí oníkálukú ń mú ẹ̀dá-ìtàn kan, tí ẹ ń ju dáìsì, tí ẹ sì jọ ń pìtàn lọ, ẹ ó ti rí i pé ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù kì í ṣe ta ló kú, ta ló yè. Máàkì ni, ìyẹn àmì tí a ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀dá-ìtàn ṣe yege, kó lè mọ̀ ọ́n sí i. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìtokú la ti ń ṣeré lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo bá ti daṣọ bo àwọn maṣín, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní gbà fún yín pé ọdẹ kan pa ẹkùn tán, ló bá ṣàdédé di ọ̀gá nídìí aró. Wọ́n á ní, “Ọ̀gá mi, níbo ló ti kọ́ ọ?”

Bẹ́ẹ̀, bí eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nínú Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, èèyàn á kó pọ́ìntì jọ, yóò gun ìpele tuntun, gbogbo ara rẹ̀ á sì le sí i lẹ́ẹ̀kan náà. RuneQuest, tó jáde ní 1978, gba ọ̀nà mìíràn: ohun tí o bá lò ni yóò dàgbà. Ọ̀nà yẹn lèmi gbà, mo wá tún un ṣe kó lè bá àwọn èèyàn mi mu.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ẹ ó máa fà. Dáìsì lúdò kò tó, ojú 6 péré ló ní, nọ́ńbà láti 1 dé 100 la sì nílò. Ẹ ṣa ìdérí ìgò mínírà 10, irú kan náà ni kí gbogbo wọn jẹ́. Ẹ fi òòlù tẹ etí wọn wọlé kó má baà gé yín lọ́wọ́, kí ẹ fi máàkà kọ 0 dé 9 sínú wọn, kí ẹ kó wọn sínú agolo mílíìkì ńlá. Ẹ fa ọ̀kan, ìyẹn ni ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ dá a padà, ẹ mi agolo, ẹ tún fà: ìyẹn ni ẹyọ. Ẹni tó fa 4 lẹ́yìn náà tó fa 7 ti rí 47. Odo méjì jẹ́ 100. Kí ẹ máa yẹ ìdérí tí ẹ kọ 0 sí wò lóòrèkóòrè o, nítorí àwọn ọmọ kan máa ń fi èékánná há a lẹ́yìn kí ọwọ́ wọn lè mọ̀ ọ́n nínú agolo.

Ìmọ̀ọ́ṣe kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ̀dá-ìtàn mọ̀ ọ́n ṣe, ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ohun tí ẹ fà kò bá ju nọ́ńbà yẹn lọ, iṣẹ́ ti ṣe. Bó bá jù ú lọ, ó bàjẹ́. Nígbà tí ẹ̀dá-ìtàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ gba 50, èyí tó ń wò lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ láti kékeré gba 25, èyí tó kàn gbọ́ ìròyìn rẹ̀ gba 5.

Ó ku máàkì. Ẹni tó bá lo ìmọ̀ọ́ṣe kan tó sì yege yóò fa ìlà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ ó di dandan kí nǹkan wà tó lè bàjẹ́. Ẹni tó ro àmàlà fún ara rẹ̀ kò gba nǹkan kan. Ẹni tó ro àmàlà fún àlejò ìjòyè, tí àlejò yẹn sì ń wá ẹ̀sùn tí yóò fi kan ilé, ó gba máàkì. Máàkì kan ṣoṣo ni ìmọ̀ọ́ṣe kan lè gbà lálẹ́ ọjọ́ kan, ì báà ṣe pé ó yege nígbà mẹ́wàá.

Tó bá di ìparí eré, ẹ fa agolo fún ohun tó ní máàkì. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù: ohun tí ẹ fà gbọ́dọ̀ *ju* nọ́ńbà ìmọ̀ọ́ṣe náà lọ kó tó lè dàgbà. Ẹni tó wà ní 35 ní àǹfààní 65 nínú 100. Ẹni tó wà ní 80 ní 20 péré. Bí ó bá wọlé, ẹ ju dáìsì lúdò kan, kí ẹ fi iye tó já lé e. Ọmọ iṣẹ́ á máa fò sókè, ọ̀gá á máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ kò sì ní nílò tábìlì ìṣirò kankan.

Àṣìlò rẹ̀ kò pẹ́ yọjú. Nínú ìjà kan ṣoṣo, ẹ ó rí jagunjagun tó fi àdá ṣá èèyàn lẹ́ẹ̀kan, tó sọ àdá nù, tó gbé ọ̀kọ̀, tó tún fi kùmọ̀ parí rẹ̀, nítorí máàkì mẹ́ta. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí RuneQuest mọ ìwà yìí dáadáa. Oògùn tèmi ni pé máàkì 3 péré lẹnikẹ́ni lè fa agolo fún lálẹ́ kan, bó ti wù kí ìlà tó fà pọ̀ tó, kó yan èyí tó bá fẹ́. Láti ìgbà tí a ti fi èyí sí i, àdá kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹni tó bá kùnà ńkọ́? Nínú òfin àtilẹ̀wá, àṣeyọrí nìkan ló ń gba máàkì. Èmi ò fara mọ́ ọn, aṣọ tí èèyàn gé bàjẹ́ ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkùnà ń fi 1 kún ìmọ̀ọ́ṣe, láìfa nǹkan kan, bí nǹkan méjì bá ṣẹlẹ̀: kí ìkùnà náà ti náni ní nǹkan, kí ẹni náà sì ṣàlàyé ohun tó rí kọ́, kí ó sọ ọ́ bí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ yóò ṣe sọ ọ́. “Mo ti kẹ́kọ̀ọ́” kò tó. Aláró inú eré wa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sórí ìgàn aṣọ méjì, kò dúró kí ẹ̀kọ gbẹ tán kó tó rì í sínú ìkòkò aró, gbogbo ojú ọnà bá ṣú pọ̀. Ọmọbìnrin tó mú un ní, “Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ti gbẹ, mi ò fọwọ́ kan àárín.” Mo ní kó kọ 1 rẹ̀. Ẹni tó ni aṣọ ṣì ń wá a kiri nínú ìtàn o.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Abẹ́òkúta ọdún 1851 la gbé eré wa sí, oṣù Kìíní la sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún yẹn ni ogun Dàhòmì wá kọlu ìlú yìí, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Gbogbo ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ló mọ ọjọ́ náà, àwọn ẹ̀dá-ìtàn wọn ni kò mọ̀. Nítorí náà, àkókò wọ́n ju owó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yóò wá ọ̀gá tó fi 20 jù ú lọ, yóò san ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000 owó ẹyọ, yóò sì lo ọjọ́ 8 lọ́dọ̀ rẹ̀, torí pé ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà ń yí po. Lẹ́yìn náà kó ju dáìsì kan, kó fi iye rẹ̀ kún un láìfa agolo. Àmọ́ tó bá ti dé 60, ọ̀gá ò lè fún un ní nǹkan kan mọ́, àfi ojú iṣẹ́. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní ọdún láìdáwọ́ dúró, ìgbà 7 péré ló lè ṣe é kí ogun tó dé, àwọn yòókù á sì ti mọ odi ìlú láìsí òun. Ẹ fi kàlẹ́ńdà lẹ̀ mọ́ ògiri kí gbogbo èèyàn máa rí i.

Òfin máàkì kò bá babaláwo mu rárá. Kí ni wọ́n ń pè ní Ifá 47 nínú 100? Orúkọ odù la ń kọ sílẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú odù 16, láti Èjì Ogbè dé Òfún Méjì. Àmúlù 240 tó kù, ẹyọ kan ní gbogbo ọjọ́ 8 tó bá fi jókòó ti àgbà babaláwo. Nígbà tó bá fẹ́ dífá, ẹ wá ìdérí 16 mìíràn tí ẹ kọ orúkọ odù sí, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ máa dá a padà: ti àkọ́kọ́ jẹ́ apá ọ̀tún, ti èkejì jẹ́ òsì. Odù tí kò tíì kọ́ lè jáde. Kò gbọ́dọ̀ purọ́, ó di kó wá àgbà lọ sí Kẹ́mta tàbí Ìjẹmọ̀ lóru, ìtàn sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ò gbà kí wọ́n gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ gidi wá síbẹ̀. Eré là ń ṣe.

Àwọn kan máa ń fẹ́ òfin ìgbàgbé, pé ìmọ̀ọ́ṣe tí èèyàn ò lò fún ìgbà pípẹ́ kí ó máa lọ sílẹ̀. Mo kọ̀ ọ́. Ìwé kíkọ ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ti ń fi ìpele ṣeré tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò sì fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fi 5 sọ ìpele náà di púpọ̀, kí ẹni tó ni ẹ̀dá-ìtàn pín in sórí àwọn ìmọ̀ọ́ṣe tó ti lò lójú gbogbo yín. Ẹni tó wà ní ìpele 4 ní 20 láti pín. Ẹ má jẹ́ kí èyíkéyìí kọjá 70 lọ́nà yìí, bí ẹnì kan bá sì ní òun ti lo nǹkan kan rí, kí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́rìí sí i kí ẹ tó kọ ọ́.