Bí a ṣe ń wo èrè ara ẹni àti ìyà ẹlòmíràn pọ̀ kí a tó tẹ̀ka

Ní Àgbádárìgì níbi tí mo ti ń ta aṣọ ní ọjà Agbálátà, ọ̀rọ̀ ọ̀nà la kọ́kọ́ máa ń bi olùdíje, nítorí pé ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Èkó ló ń gbé ọjà wa wọlé, òun náà ló sì ń jẹ èrè wa. Kò sí ohun ìtìjú nínú bíbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí gbà lọ́wọ́ olùdíje sí ojú kan rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, ìbáà jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí iná.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ipò tó ń dù lè ṣe nǹkan wọ̀nyẹn. Ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀, bó ti wù kó búra tó. Bí ẹ bá fagi lé irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ohun tó kù á kéré, ẹ ó sì rí i pé èrè tí à ń tìtorí rẹ̀ gbójú kúrò lára ìyà ẹlòmíràn kì í sábà tó bí a ṣe rò.

Ẹ wá yí bébà náà padà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ àwọn tí ètò olùdíje náà máa kàn sí, pàápàá àwọn tí ohùn wọn kì í dé òkè: àwọn apẹja Ègùn tí ilé wọn wà létí ọ̀sà, àwọn akanda ẹ̀dá, àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ alágbàṣe láàárín wa. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ara mi. Bí èmi kò bá rí tèmi gbà lọ́dún yìí, ṣé mo ṣì lè rí i lọ́nà mìíràn? Bí wọ́n bá gba ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn, ṣé ó tún lè padà sí wọn lọ́wọ́?

Otodo-Gbame ló kọ́ mi ní ìbéèrè kejì yìí. Abúlé létí ọ̀sà ní apá Lẹ́kì ni, àwọn Ègùn apẹja ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n wó o, tí àwọn tó lé ní 30,000 sì di aláìnílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé bí wọ́n ṣe lé wọn láìpèsè ibòmíràn fún wọn lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn kò dá ilé kankan padà. Ọ̀nà tí kò dára lónìí lè dára lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí katapílà bá ti wó, ó ti lọ nìyẹn. Ní tèmi, àdánù tí kò ṣeé dá padà ló yẹ kó wúwo jù lórí òṣùwọ̀n, kódà bí èrè tó wà ní ojú kejì bá jẹ́ tèmi.

Ẹ má ṣe bá àwọn ẹlòmíràn ro ìrora wọn láìbi wọ́n. Lọ́dún 2023, jórinjórin kan tó jẹ́ adití wà ní ibùdó ìdìbò wa, wọ́n sì ń fi ẹnu pe nọ́ńbà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹjú mọ́ ẹnu òṣìṣẹ́ náà, síbẹ̀ wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ kọjá. Ó ti dìde tó fẹ́ máa lọ kí ọmọbìnrin kan tó fi báírò kọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, tó sì gbé e sókè kí ó rí i. Èmi tí mo ti rò pé owó ìrànwọ́ ni irú wọn ń retí, nígbà tí mo bi í nínú ìwé, ohun tó kọ ni pé kí wọ́n sáà máa kọ nọ́ńbà sára pátákó. Láti ọdún 2011 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó dáàbò bo àwọn akanda ẹ̀dá, nítorí náà ẹ bi olùdíje léèrè ohun tó máa fi èyí tó wà nílẹ̀ yẹn ṣe.

Bí ẹ bá débi ìpàdé rẹ̀, ẹ fetí sí ohun tó sọ fún àwa Yorùbá, kí ẹ sì ní kí ọ̀rẹ́ yín tó gbọ́ Ègùn sọ ohun tó wí fún àwọn tiwọn. Ẹ bi í pé: níbo lẹ máa kó àwọn ará etí omi lọ, kí lẹ máa san fún wọn, ta ni nínú wọn lẹ ti bá sọ ọ́? Bó bá dáhùn pé wọn kì í ṣe ọmọ ibí, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Nínú òfin ètò ìdìbò ti ọdún 2022, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn polongo ìbò lè san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀.

Ní ọjọ́ ìdìbò, ẹ mú báírò àti ìwé kékeré dání, nítorí ẹni tó jókòó ti yín lè má gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pe nọ́ńbà rẹ̀.