Gíláàsì ìlẹ̀kùn Ìjàpá tó kọ̀ tí kò wọlé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Volkswagen Ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń tún ṣe. Gíláàsì ìlẹ̀kùn ọ̀tún fọ́, mo sì ra òmíràn, tòkunbọ̀ láti Jámánì. Ẹni tó tà á fún mi ní ti Ìjàpá ni. Ṣùgbọ́n kò bá ojú ìlẹ̀kùn mu, ó tóbi jù ú lọ díẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ìlẹ̀kùn ló ti wọ́, ká gbé e fún pánẹ́ẹ̀lì bítà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kan ìlẹ̀kùn yẹn o. Níbo ni wọ́n ti to ọkọ̀ náà? Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lọ́nà Bàdágìrì l'Ékòó nígbà kan rí ni, gíláàsì yẹn kò lè wọ̀ ọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á fún ọ kò parọ́. Láàárín 1975 sí 1987, láti Bràsíìlì ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara àwọn Ìjàpá wá, tí wọ́n á wá tò ó pọ̀ ní Nàìjíríà. Jámánì ti fẹ ojú fèrèsé Ìjàpá láti oṣù kẹjọ 1964, fún àwọn ọkọ̀ 1965. Bràsíìlì kò bá wọn fẹ̀ ẹ́. Wọ́n pààrọ̀ iná, wọ́n pààrọ̀ bọ́ńpà, ṣùgbọ́n fèrèsé kékeré àtijọ́ ni Fusca wọn, orúkọ tí wọ́n ń pe Ìjàpá níbẹ̀, ń lò títí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n tò l'Ékòó ní 1980 lè ní fèrèsé tó kéré ju ti ọkọ̀ Jámánì 1966 lọ. Ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Ìlẹ̀kùn òsì ni kó o lọ wò. Fèrèsé kékeré onígun mẹ́ta kan wà níwájú gíláàsì ńlá, èyí tí a máa ń ṣí kí atẹ́gùn lè fẹ́ síni lójú. Wo irin tó pín àwọn méjèèjì níyà. Bó bá dúró ṣánṣán, ara àtijọ́ ni. Bó bá fì díẹ̀, ara ti 1965 sókè ni.

Ìbéèrè: Ó dúró ṣánṣán lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n owó ti wọlé sí gíláàsì yìí. Ṣé oníṣẹ́ gíláàsì kò lè bá mi gé e díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ìdáhùn: Kò ṣeé gé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti gé e sí ìwọ̀n tán kí wọ́n tó fi iná sí i. Wọ́n mú un gbóná kọjá 600°C, wọ́n wá fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ kó tutù lójijì. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ le. Nígbà tí inú rẹ̀ ń tutù tẹ̀lé e, ó fẹ́ sún kì, ó sì ń fa ojú méjèèjì mọ́ra. Ìfà yẹn ló fún un lágbára. Òun náà ni kì í jẹ́ kó sán bí gíláàsì yòókù: tí ọ̀bẹ bá ti gé e jìn díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú wóróbo bí ọkà àgbàdo. Wá ẹni tí Ìjàpá tirẹ̀ jẹ́ ti Jámánì kó o tà á fún un, ó máa wúlò fún un gan-an.

Ní tìrẹ, wádìí ní Ladípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, lọ́wọ́ àwọn tó ń tú Ìjàpá tí wọ́n tò nílé. Bí o kò bá rí i, gíláàsì alápapọ̀ wà, irú èyí tó ní ike láàárín bíi ti gíláàsì iwájú mọ́tò. Èyí ṣeé gé, nítorí wọn kò fi iná le e bíi tọ̀hún, gíláàsì ìlẹ̀kùn Ìjàpá sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Fi páálí ya gíláàsì ìlẹ̀kùn òsì, kó o dojú páálí náà dé, ọ̀tún nìyẹn. Rí i pé kò nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má sì gbà kí wọ́n gé gíláàsì fèrèsé ilé fún ọ. Bí ìyẹn bá fọ́, abẹ gígùn ló ń dà, ọrùn rẹ ló sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń yí i sókè, á le gbagidi láàárín. Lánàá ó já sínú ìlẹ̀kùn. Mẹkáníìkì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ìsàlẹ̀.

Ìdáhùn: Gọ́ọ̀mù kọ́ ló máa yanjú rẹ̀. Irin ìsàlẹ̀ yẹn ní rọ́bà tí gíláàsì ń jókòó sí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé rọ́bà àtijọ́ lẹ dá padà. Ó ti sún kì, kò lè di gíláàsì mú mọ́. Ra tuntun, fi bo etí ìsàlẹ̀ gíláàsì, fi omi ọṣẹ pa á, kó o wá fi igi àti òòlù onírọ́bà rọra gbá irin náà wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìkangun kan dé èkejì. Òòlù irin kò gbọ́dọ̀ kàn án. Kó o tó ṣe èyí, wọn ibi tí irin náà dúró sí lára gíláàsì òsì, láti etí iwájú. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, gíláàsì á máa fì tó bá ń gòkè, á sì há. Ìdí kan tó fi le láàárín nìyẹn.

Ìdí kejì ni ọ̀nà onírun tí etí gíláàsì ń gbà kọjá. Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó o wọ ìbọ̀wọ́ o: wóróbo gíláàsì tó fọ́ ṣì máa ń há síbẹ̀, ó sì máa ha tuntun. Bí irun rẹ̀ bá ti jẹ, pààrọ̀ rẹ̀. Má fi òróró sí i, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì sókè ni kó o fi gírísì sí. Má tíì dè bóòtù pa. Yí gíláàsì lọ sókè pátápátá, jẹ́ kó jókòó dáadáa, kó o wá dè wọ́n.

Ìbéèrè: Ó ti ń lọ geere báyìí, ẹ ṣeun gan-an. Òjò rọ̀ lálẹ́ àná, omi sì dà sínú ọkọ̀ lọ́dọ̀ ẹsẹ̀.

Ìdáhùn: Omi á máa wọ inú ìlẹ̀kùn Ìjàpá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ihò tó wà nísàlẹ̀ ìlẹ̀kùn ló yẹ kó gbà jáde. Wóróbo gíláàsì ti dí wọn, fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún wọn títí omi á fi máa ṣàn, kí ìlẹ̀kùn má bàa dípẹtà. Kó o wá wo ẹ̀yìn páálí ìlẹ̀kùn bóyá náílọ́nù ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fà á ya, gé tuntun, lẹ̀ ẹ́ yíká, kó o sì ki etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìlẹ̀kùn, kí omi lè bọ́ sínú ìlẹ̀kùn dípò kó máa kán sórí ẹsẹ̀ rẹ.